Ìṣe Wọn Ni

Gbólóhùn kan wà tí mo kórìíra ju èébú lọ. Ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ ọ́, ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́: "Ìṣe wọn ni." Bí ọmọ tó ní Down syndrome kò bá dáhùn nígbà tí a pè é, ìṣe wọn ni. Bí ó bá ti lé lọ́dún mẹ́ta tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ ju "màmá" àti "omi" lọ, ìṣe wọn ni. Bí ó bá lọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, bí ó bá ń fa etí, bí ó bá ń lanu sùn, bí inú bá ń bí i láìsí ẹni tó mọ ohun tó fà á, ìṣe wọn ni. Ibi tí gbólóhùn yẹn bá ti bọ́ sílẹ̀, ìwádìí parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò tún tan iná wo inú etí ọmọ náà.

Bẹ́ẹ̀ inú etí gan-an ló yẹ ká wò. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni pé nínú ọmọ mẹ́rin tó ní Down syndrome, ó ṣeé ṣe kí mẹ́ta má gbọ́ràn dáadáa. Mẹ́ta nínú mẹ́rin! Púpọ̀ nínú wa ti gbọ́ pé ó yẹ kí wọ́n yẹ ọkàn wọn wò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí nǹkan bí ìdajì wọn ni àbùkù wà lọ́kàn wọn láti inú oyún. Ṣùgbọ́n etí, tí tirẹ̀ pọ̀ ju ti ọkàn lọ, òun ni wọ́n máa ń fò. Ọkàn a máa pa ọmọ, etí kì í pa ọmọ, bóyá ohun tó fà á nìyẹn. Ohun tí etí máa ń ṣe ni pé yóò jẹ́ kí ọmọ wà láàyè láàrin wa, kí ó má mọ ohun tí a ń sọ.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ìdílé wa ń ṣe ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa, láti Bajulaiye dé Shipeolu títí wọ Fola Agoro, mọ̀ pé ìwé ló ń bọ́ wa: kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, pósítà olóṣèlú, àlímánáàkì ẹgbẹ́. Ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lù, ẹ̀rọ tó ń gé pépà ń já gbàgà, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń gbé gbogbo rẹ̀ bí NEPA bá ti mú iná. Lójú títì, kọ̀ńdọ́ ń pe èrò Yábàá àti Ojúẹlẹ́gba, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ń da ohùn pọ̀. Ìdí ẹ̀rọ ni bàbá mi dàgbà sí. Ẹ̀rọ bọ́ ọ, ó sì gba etí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe gba ti ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́.

Nígbà tí etí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe. A ó lọ síwájú rẹ̀ kí ó lè rí ẹnu wa. A ó fọwọ́ kàn án léjìká kí a tó lanu. A ó gbé ohùn sókè díẹ̀, a ó tún un sọ. Bí Bàbá bá dáhùn ohun tí a kò bi í, a ó rọra tún un bi. Kò sí oníbàárà tó sọ rí pé ọpọlọ Bàbá ti dàrú. Wọ́n mọ̀ pé etí ni.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni ọmọ àbúrò mi obìnrin máa ń wá bí ilé-ìwé bá ti parí. Bàríga ni wọ́n ń gbé, lápá Ìlàjẹ létí ọ̀sà, ìyá rẹ̀ a sì fi í sọ́dọ̀ wa títí yóò fi ti ọjà dé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ ọ́ ní Máníjà, nítorí pé bó bá ti wọlé, yóò kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, yóò yípo gbogbo ẹ̀rọ, yóò wo ìwé tó ń jáde, yóò mi orí. Wọ́n bí i pẹ̀lú Down syndrome. Òun àti bàbá àgbà rẹ̀, kò sí èyí tó gbọ́ràn dáadáa nínú wọn. Ti bàbá àgbà, aráyé ní etí ni. Ti ọmọ, wọ́n ní orí ni. Bí àgbà kò bá dáhùn, wọn a tún un pè. Bí Máníjà kò bá dáhùn, wọn a ní kò gbọ́ràn, olóríkunkun ni, àwọn tó láàánú á ní kò yé e ni. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, òun ni mo sì ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí etí wọn ṣe rí. Ihò etí àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń tóóró láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn, nítorí náà ìdọ̀tí etí tí ti ọmọ mìíràn á gbẹ dànù fúnra rẹ̀ á há sí tiwọn, á dí i pinpin. Ìyẹn ṣì ni ti ìta. Lẹ́yìn ìlù etí, iyàrá kékeré kan wà tí egungun mẹ́ta tín-ín-tìn-ìn-tín wà nínú rẹ̀, àwọn egungun yìí ló ń gbé ìró lọ sínú lọ́hùn-ún. Afẹ́fẹ́ ló yẹ kó wà nínú iyàrá náà. Ọ̀nà tóóró kan tó ti ẹ̀yìn imú wá ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ibẹ̀, òun náà ló máa ń dún "pà" létí wa nígbà tí a bá yán tàbí tí a bá gbé itọ́ mì. Nínú ọmọ tó ní Down syndrome, egungun àárín ojú kò nà tó ti ẹlòmíràn, ọ̀nà yẹn kéré, ó sì rọ̀, iṣan tó yẹ kó máa ṣí i kò sì lágbára. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sun síbẹ̀. Bí omi náà bá pẹ́, á ki, á fà bíi gọ́ọ̀mù tí àwa ìtẹ̀wé fi ń lẹ ẹ̀yìn ìwé. Àwọn egungun mẹ́ta yẹn kò ní lè mira dáadáa mọ́. Ìró á dé ìlù etí, á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Kò dun ọmọ, kò ní ibà, etí kò ṣọyún. Kò sí ohun tí ìyá máa rí. Èyí tó burú jù ni pé kì í dúró sójú kan. Bí ọ̀fìnkìn bá mú ọmọ nígbà òjò tàbí nígbà ọyẹ́, etí á dí. Bó bá lọ, etí á là díẹ̀. Lónìí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti iyàrá kejì, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ̀. Àwọn ará ilé á wá ní, "Ohun tó bá wù ú ló ń gbọ́." Àwọn kan tún wà nínú wọn tí tiwọn kì í ṣe ti omi rárá, tí ó jẹ́ pé inú etí lọ́hùn-ún, níbi tí iṣan ti ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ, ni kò ṣiṣẹ́. Irú èyí kì í là padà. Àwọn tó ní Down syndrome tí wọ́n ti dàgbà pẹ̀lú, etí wọn a máa tètè gbó ju tiwa lọ.

Ohun tó ń tan àwọn òbí jẹ ni pé ọmọ náà kì í ṣe odi. Ẹ lọ sí Bàríga ní ọjọ́ Sátidé, níbi tí wọ́n bá ti na àgọ́ dí òpópónà tí wọ́n sì to àwọn àpótí ohùn jọ bí ilé. Àdúgbò tí Olamide ti jáde ni, kò sí ọmọ ibẹ̀ tí kò mọ ijó. Máníjà á wọ àárín agbo, á jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bá ìlù mu rẹ́gí. Gbogbo ènìyàn á ní, "Ta ló sọ pé kò gbọ́ràn? Ẹ wò ó!" Wọn kò purọ́. Ó gbọ́ ìlù. Ìlù ọ̀hún ń mi ilẹ̀ tó dúró lé, ó ń lù ú láyà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ìlù. Nínú ọ̀rọ̀, àwọn ìró tó ń dún gbangba wà, bíi "a" àti "o", àwọn tí ẹ̀mí wọn kéré sì wà, bíi "s" àti "f" àti "t". Etí tó dí díẹ̀ á gbé ti gbangba, á ju ìyókù nù. Gbólóhùn tí ìyá sọ látìdí ààrò á dé ọ̀dọ̀ ọmọ ní àjákù, ọmọ á sì máa fi ojú wá ìyókù lójú ìyá, lọ́wọ́ ìyá, níbi tí àwọn yòókù kọjú sí. Bó bá rí àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n dìde, òun náà á dìde. Olùkọ́ á ní ó gbọ́. Bí a bá gba ibi tí ojú rẹ̀ ti ń rí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà náà ni a tó mọ iye tí etí ń gbọ́.

Mo rí ìyẹn pẹ̀lú ojú ara mi nígbà tí mo sin àbúrò mi lọ fún àyẹ̀wò. Ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ENT, wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ Máníjà sórí itan ìyá rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sókè etí rẹ̀, dókítà sì rọra ń kó ìdọ̀tí jáde díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà ké, àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti nǹkan kékeré kan bọ ẹnu ihò etí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìlù etí, ẹ̀rọ sì ń ya ìlà sórí pépà. Bí etí bá dára, ìlà náà á gòkè láàrin, á tún sọ̀ kalẹ̀. Ti Máníjà tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní ọ̀tún àti ní òsì.

Wọ́n wá mú wa wọ iyàrá kékeré kan tí ògiri rẹ̀ ní tìmùtìmù. Wọ́n fún Máníjà ní àwọn igi kéékèèké àti abọ́ kan. Eré ni: mú igi, gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí o bá gbọ́ ìró, jù ú sínú abọ́. Ó mọ̀ ọ́n kíá, inú rẹ̀ dùn, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà. Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò náà ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ó sì kíyè sí ohun kan: ọwọ́ òun ni ọmọ náà ń wò. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì, igi ti wọ abọ́. Ó fi pépà bo ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìró jáde láti inú àpótí ohùn, mo gbọ́ ọ, àbúrò mi gbọ́ ọ, ó wo ọmọ rẹ̀. Igi wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìró kejì jáde, ó ga díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Igi wà lẹ́rẹ̀kẹ́, Máníjà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí. Ìgbà tí ìró náà tó ohùn ẹni tó ń bínú ni igi tó wọ abọ́. Àbúrò mi yíjú sí mi, ó ní, "Bọ̀dá mi, ọmọ yìí kò gbọ́ orin tí mo fi ń rẹ̀ ẹ́ sùn rí nìyẹn." N kò mọ èsì tí mo lè fún un.

Àwọn àgbà wa kò fi abirùn ṣe yẹ̀yẹ́. Afín, abuké, arọ, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọbàtálá tó mọ ara gbogbo ènìyàn ló mọ tiwọn bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fojú di wọ́n, Ọbàtálá ló fojú dì. Mo fẹ́ràn èrò yẹn, ó sì sàn ju ohun tí àwọn wòlíì kan ń sọ fún àwọn ìyá ní Ṣómólú lónìí lọ, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, pé àjẹ́ ìdílé ni, pé ẹnìkan ló pààrọ̀ ọmọ náà nínú oyún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti hàn láti 1959, nígbà tí Jérôme Lejeune, Marthe Gautier àti Raymond Turpin ní Paris fi hàn pé kúrómósóòmù kọkànlélógún tó yẹ kó jẹ́ méjì nínú ara, mẹ́ta ni tiwọn. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Kì í sì í ṣe àrùn òyìnbó. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ṣọ̀wọ́n láàrin àwa aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ní 1982, A. A. Adeyokunnu tẹ ìwádìí tó ṣe ní Ìbàdàn jáde, ohun tó sì rí ni ọmọ kan nínú 865 tí wọ́n bí láàyè. Wọ́n wà láàrin wa tipẹ́. A kàn ń pe ohun tí ń ṣe wọ́n ní orúkọ mìíràn ni.

Síbẹ̀, bí mo ṣe fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹni òrìṣà tó, mo mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ọbàtálá ló mọ ara, ìdọ̀tí tó há sí etí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Omi tó ki lẹ́yìn ìlù etí ṣeé gbọ́n jáde. Ẹni tó bá sọ pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyí, kó tó sọ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ rí i dájú pé Ọlọ́run ló dí i létí.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe sí etí nílé ń bà mí lẹ́rù. Ìyẹ́ adìẹ ni ọ̀pọ̀ wa dàgbà bá, tí ìyá á fi rọra yọ́ inú etí ọmọ ní ọjọ́ Sátidé. Ìṣáná wà, kọ́kọ́rọ́ wà, irun orí tí wọ́n lọ́ pọ̀ wà. Àwọn mìíràn á yọ́ adí àgbọn, wọ́n á kán an sétí ní gbígbóná. Nínú ihò etí tó ti tóóró tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń ti ìdọ̀tí wọlé sí i ni, ó sì lè lu ìlù etí. Bí etí ọmọ bá ń ṣọyún tí òórùn rẹ̀ ń jáde, ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀, nítorí nǹkan kan wà tó lè máa hù lábẹ́lẹ̀ nínú etí tí yóò máa jẹ egungun, ó sì máa ń mú àwọn ọmọ wọ̀nyí ju àwọn ọmọ yòókù lọ.

Ìlànà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan kò le láti lóye. Kí wọ́n yẹ etí wò nígbà tí wọ́n bá bí ọmọ. Kí wọ́n tún máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, títí ọmọ yóò fi tó ẹni tí wọ́n lè yẹ etí rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì rí i pé méjèèjì dára. Lẹ́yìn náà, lọ́dọọdún. Ọmọ kò ní láti lè sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó yẹ etí rẹ̀ wò. Àwọn ẹ̀rọ wà tí wọ́n ń lò nígbà tí ọmọ ọwọ́ bá ń sùn. Bí omi bá wà níbẹ̀, wọ́n lè dúró oṣù mẹ́ta kí wọ́n wò ó bóyá yóò lọ fúnra rẹ̀. Bí kò bá lọ, wọ́n lè fi páìpù kékeré sí ìlù etí kí afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀ wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú etí tóóró ó máa ń tètè bọ́, wọ́n á sì tún un ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2008 ni ìlànà wọn sọ pé kí wọ́n fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Irú èyí tí a ń so mọ́ bẹ́líìtì orí náà wà, tí ó ń gba egungun ẹ̀yìn etí gbé ìró wọlé, tí kò ní ohun tó kàn án bóyá ihò etí dí tàbí kò dí.

Owó ni ọ̀rọ̀ wá kù sí. Ìbátan wa kan tó ń gbé ní Peckham, ní London, sọ fún wa pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún àwọn ọmọdé ní ẹ̀rọ yìí níbẹ̀, bátìrì rẹ̀ náà ọ̀fẹ́ ni. Níhìn-ín, ìyá ló ń rà á, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń kó o wọlé, bí náírà bá sì ti ń já, owó rẹ̀ ń gòkè. Àbúrò mi dá àjọ. Nígbà tí àjọ pé, a jọ fi kún un, a rà á. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ so ó mọ́ Máníjà lórí, ó bú sẹ́kún, ó já a sọnù. Ariwo Ṣómólú ló kọ́kọ́ bá a, kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kí a máa so ó fún un nílé, níbi tó pa rọ́rọ́, fún ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀. Níbo ló pa rọ́rọ́ ní Bàríga? Ìyá rẹ̀ rí ibì kan: ìdájí, kí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó jí. Ìdájí ló ń fi kọ́ ọ lọ́rọ̀.

Ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu, mo sì ti ń rò ó láti ìgbà náà. Ibi tí Máníjà ti ń lóye ọ̀rọ̀ jù kó tó ní ẹ̀rọ kankan létí ni ṣọ́ọ̀bù wa, níbi tí ariwo ti pọ̀ jù. Mo wá rí ìdí rẹ̀. Nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ẹnìkejì rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ni gbogbo wa fi ń sọ̀rọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ sókè: dá a dúró. Ìka tó ń yípo: jẹ́ kó máa lọ. Ọwọ́ tó ń tẹ afẹ́fẹ́ sílẹ̀: dín íńkì kù. Ìka méjì tó ń ra ara wọn: mú pépà wá. A ó fi ojú sí i, a ó fi orí sí i, a ó dojú kọ ẹni tí à ń bá wí. Máníjà mọ gbogbo rẹ̀ láìsí ẹni tó jókòó kọ́ ọ, òun náà sì ń fi dá wa lóhùn. Àwọn tó mọ̀ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i pé ohun tí ojú wọn bá rí ń dúró lọ́kàn wọn ju ohun tí etí wọn bá gbọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí Margaret Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi gbé ètò àmì ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní Makaton kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tí ènìyàn á máa fi ọwọ́ ṣe àmì bó ṣe ń fi ẹnu sọ ọ́. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín náà, ọ̀rọ̀ ọwọ́ kì í ṣe àjèjì: Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú tó ti Amẹ́ríkà wá, dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá ti mọ ọwọ́ lò, kò ní fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí mo rí lára Máníjà yàtọ̀. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ sọ "dúró," ó fi ọwọ́ sọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́, ọjọ́ kan ẹnu wá bá ọwọ́ lọ. "Dú-o!" ló wí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì dúró lóòótọ́. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kó ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ o. Ariwo tó gba etí bàbá mi kò yẹ fún etí ọmọdé kankan, a sì ti ń jẹ́ kó jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀yìn nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọgbọ́n tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ wà lọ́wọ́ gbogbo ìyá, kò sì náni ní kọ́bọ̀.

Ìrànlọ́wọ́ kò jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò. Láti Bàríga, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Àkọkà, níbi tí Modupe Cole Memorial Child Care and Treatment Home wà, ilé-ìwé ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn ọmọ tí ìpèníjà ọpọlọ ń bá fínra. Rose Mordi, tí òun náà ní ọmọ tó ní Down syndrome, dá Down Syndrome Foundation Nigeria sílẹ̀ ní Èkó ní 2001. Ilé ìwòsàn LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Òfin náà wà: Èkó ti ṣe tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn láti 2011, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 2019. Ṣùgbọ́n òfin kì í yẹ etí wò. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ mú iná dání.

Ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é fún gbogbo ọmọ ti wà nílẹ̀ ní Èkó yìí kan náà. Láti nǹkan bí 2005, Dókítà Bolajoko Olusanya àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ etí àwọn ọmọ ọwọ́ wò ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ wú mi lórí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní Èkó kì í bímọ sílé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ni, tàbí ilé ìyá àdúrà, nítorí náà bí a bá ní ilé ìwòsàn nìkan ni a ó ti máa yẹ etí wò, a ó pàdánù wọn. Ṣùgbọ́n ibi yòówù tí ìyá bá bí i sí, ó ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Ẹ lọ sí ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé ní Ṣómólú tàbí ní Bàríga lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ẹ ó rí wọn lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, káàdì lọ́wọ́, ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n ti wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yẹ etí wò kò tóbi ju ohun tí nọ́ọ̀sì lè gbé lọ́wọ́, ẹni tí kì í ṣe dókítà sì lè kọ́ ọ. Mo fẹ́ kí alága ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti ti Bàríga, tí wọ́n ń tẹ pósítà ìdìbò wọn lọ́dọ̀ wa, ra ọ̀kan sí ibùdó kọ̀ọ̀kan. Màá sọ ọ́ fún wọn nígbà tí wọ́n bá tún gbé iṣẹ́ wá.

Ní ti Máníjà, olùkọ́ rẹ̀ ti gbé àga rẹ̀ wá síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kúrò létí fèrèsé tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀. Ó ń fọwọ́ kàn án léjìká kó tó bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó ń sọ "pépà," ó ń sọ "ọ̀la," ó sì ń pe bàbá àgbà rẹ̀ ní "Bàbá" pẹ̀lú ohùn tí Bàbá fúnra rẹ̀ lè gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, etí ọ̀tún rẹ̀ tún ń ṣomi, òórùn díẹ̀ sì wà lára rẹ̀ ní àárọ̀. Àbúrò mi ti gba ọjọ́ tuntun. Ó ti kọ ìbéèrè rẹ̀ sẹ́yìn ìwé pélébé kan tó gé lára pépà wa, ó sì sọ fún mi pé bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá fẹ́ fi ìkánjú lé òun padà, òun kò ní kúrò lórí àga títí wọn yóò fi gbé ẹ̀rọ awò ńlá yẹn wo inú etí náà dáadáa, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ fún òun.